Àbúrò Ló Ń Pín, Ẹ̀gbọ́n Ló Ń Mú

Àwa tí a bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé kí náírà tó dé, owó ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní ìdá. Kọ́bọ̀ 12 ló wà nínú ṣílè kan. Sísì ni ìdajì rẹ̀, tọ́rọ́ ni ìdá mẹ́rin rẹ̀, kọ́bọ̀ mẹ́rin sì ni ìdá mẹ́ta rẹ̀. Bí wọ́n bá fún ọmọ ọdún mẹ́fà ní ṣílè kan ní Agbabu, ìlú wa, pé kó lọ ra iyọ̀ tọ́rọ́ wá, ó mọ̀ pé sísì kan àti tọ́rọ́ kan gbọ́dọ̀ bá òun padà sílé. Kò mọ̀ pé ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni wọ́n ń pe ìyẹn. Ohun tó mọ̀ ni pé bí kò bá pé, òun yóò tún ẹsẹ̀ rìn. Eépìnnì wà lábẹ́ kọ́bọ̀, méjì rẹ̀ ló ń jẹ́ kọ́bọ̀ kan. Àwọn bàbá wa tilẹ̀ ná ọníní, tí mẹ́wàá rẹ̀ pé kọ́bọ̀. Ní tiwa, ihò àárín rẹ̀ la bá, a kò bá ọjà tó lè rà.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973, ìjọba pa gbogbo ìyẹn tì. Náírà dé, kọ́bọ̀ 100 wà nínú rẹ̀. Ṣílè di kọ́bọ̀ 10, sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, tọ́rọ́ wá di kọ́bọ̀ méjì ààbọ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rọ owó fún. Kì í ṣe pé ìjọba ṣìnà. Ẹni tó bá ti jókòó ti ìṣirò pọ́n-ùn àti ṣílè rí, tó ń fi 20 pín lápá kan tó tún ń fi 12 pín lápá kejì, kò ní bẹ Ọlọ́run pé kó dá a padà. Ṣùgbọ́n 12 gbà kí a pín òun sí méjì, sí mẹ́ta, sí mẹ́rin, sí mẹ́fà. 10 kò gbà ju méjì àti márùn-ún lọ. Lónìí, kọ́bọ̀ fúnra rẹ̀ ti di ohun tí à ń rí nínú ìwé báńkì nìkan. Lóòótọ́, 50 náírà ni ìdajì 100, 200 sì ni ìdá márùn-ún 1000, ọmọ òde òní kò sì ṣàì mọ̀ ọ́n. Ìdá mẹ́ta ni kò ní bá pàdé lọ́jà títí tí yóò fi dàgbà.

Owó kọ́ ló le jù nínú àwọn olùkọ́ wa. Ẹran ni. Inú abọ́ kan náà ni ọmọ mẹ́rin tàbí márùn-ún ti ń jẹun, ẹran sì máa ń gbẹ̀yìn. Ìlànà ibẹ̀ kò ṣòro: ẹni tó kéré jù ni yóò pín, ẹni tó dàgbà jù ni yóò kọ́kọ́ mú. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti ẹni tó pín. Ta ni yóò wá pín in wọ́? Ọmọ náà yóò wò ó lọ́tùn-ún, yóò wò ó lósì, yóò fi èékánná sàmì síbi tí ọ̀bẹ yóò gbà. Bó bá jẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun ló wà níwájú rẹ̀, kò ní pẹ́ tí yóò fi rí i pé àárín gígùn rẹ̀ kọ́ ni ìdajì rẹ̀, nítorí apá kan sanra ju èkejì lọ. Bó bá jẹ́ obì ni, Olúwa ti bá a là á sí awẹ́, ṣùgbọ́n awẹ́ mẹ́rin láàrin ọmọ márùn-ún, iṣẹ́ kù.

Kí a má purọ́ ṣá. Kì í ṣe gbogbo ilé ni ìlànà yìí ti fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n ló ń pín, òun náà ló ń mú, ohun tí àbúrò sì kọ́ níbẹ̀ ni pé ìdajì méjì kì í dọ́gba. Àwọn ọmọbìnrin tó se ọbẹ̀ náà mọ èyí tó ń kàn wọ́n. Ẹni tó bá sì gbóríyìn fún wa pé a mọ nǹkan pín lọ́gbọọgba, kó rántí pé ẹran náà kò tó ni.

Ní báyìí, ilé-iṣẹ́ ti bá ọmọ pín in kó tó dé ọwọ́ rẹ̀. Mílíìkì wà nínú sáṣẹ́ẹ̀tì, omi wà nínú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, bisikíìtì wà ní méjì-méjì nínú bébà tirẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan ní abọ́ tirẹ̀. Ìyá kì í pín mọ́, kíkà ló ń kà: ọ̀kan fún Táyé, ọ̀kan fún Kẹ́hìndé. Ẹkún dínkù nílé, èmi kò sì ní bú ohun tó dín ẹkún ọmọ kù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ọwọ́ ọmọ ń ṣe tẹ́lẹ̀ ti di iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Ìkẹjà. Ẹ wo ọ̀rá ìpékeré tí wọ́n ń tà fún èrò ọkọ̀ Èkó sí Bìní ní Ọ̀rẹ̀: iye kan náà ni à ń rà á lónìí, ohun tó wà nínú rẹ̀ ń dínkù, kò sì sí ọmọ kan tó máa sọ fún wa bóyá ìdá mẹ́rin ló ti lọ tàbí ìdá mẹ́ta.

Àwọn àgbà wa kò fi ìdá ṣeré bó bá di ọ̀rọ̀ ogún. Ọ̀nà méjì ni Yorùbá ń gbà pín in. Orí-ò-jorí ni kí iye ọmọ jẹ́ iye ìpín. Ìdí-igi ni kí iye ìyàwó tó bímọ jẹ́ iye ìpín, kí àwọn ọmọ ìdí kọ̀ọ̀kan wá lọ tún tiwọn pín. Ẹjọ́ Dawodu àti Danmole tó wáyé ní Èkó dá lé e lórí: olóògbé kan ní ìyàwó mẹ́rin, ó bí ọmọ mẹ́sàn-án. Bó bá jẹ́ orí-ò-jorí, ìdá mẹ́sàn-án ló kan ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìdí-igi, ìdí kọ̀ọ̀kan gba ìdá mẹ́rin. Ọmọ tó bá dá wà nídìí ìyá rẹ̀ yóò dá kó ìdá mẹ́rin yẹn lọ, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́ta nídìí kan, ìdá méjìlá-méjìlá ni tiwọn. Adájọ́ àkọ́kọ́ fẹ́ orí-ò-jorí. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ti àpapọ̀ yí i padà ní 1958, ọ̀rọ̀ náà sì dé Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ìgbìmọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì ti fọwọ́ sí ìdí-igi ní 1962. Ẹni tí kò bá mọ̀ bóyá ìdá mẹ́sàn-án ló tóbi jù tàbí ìdá méjìlá, kó má ṣe sọ pé òun mọ ohun tí wọ́n ń jà sí.

Àwa ará Agbabu ní ìjà tiwa tí a kò tíì jà. Ọ̀dà dúdú, tí wọ́n ń pè ní bítúmẹ̀nì, ń yọ láti inú ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ní etí odò Olúwa. Láti 1908 ni Nigerian Bitumen Corporation ti wá ń gbẹ́lẹ̀ kiri agbègbè tó di Ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, ogun 1914 ló dá wọn padà. Òfin ilẹ̀ wa ti 1999 sọ pé nínú owó tó bá ti ara ohun inú ilẹ̀ wọlé, ó kéré tán, 13 nínú 100 gbọ́dọ̀ padà sí ìpínlẹ̀ tí nǹkan náà ti wá. Èmi kò mọ ìṣirò tó yẹ ọmọ Agbabu ju èyí lọ. Bí 100 náírà bá wọlé láti ara ọ̀dà yìí, mélòó ló kan Oǹdó? Nínú ti Oǹdó, mélòó ló kan ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó? Nínú ti Odígbó, mélòó ló kan wa? Ìdáhùn àkọ́kọ́ wà nínú ìwé òfin. Fún àwọn yòókù, kí ọmọ náà lọ bi àwọn ẹ̀gbọ́n tó kọ́kọ́ mú.

Ṣùgbọ́n abẹ́ igi ni ẹ̀kọ́ ìdá ti jinlẹ̀ jù nígbà èwe wa, níbi tí àwọn bàbá wa ti ń ta ayò. Ihò 12 ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níhà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò 48 ló wà nínú wọn, mẹ́rin-mẹ́rin. Ẹ bá mi wo 48 yìí dáadáa. Ìdajì rẹ̀ jẹ́ 24, ìhà kan gbáko. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 16, ihò mẹ́rin. Ìdá mẹ́rin rẹ̀ jẹ́ 12, ihò mẹ́ta. Ìdá mẹ́fà rẹ̀ jẹ́ mẹ́jọ, ihò méjì. Ẹni tó bá jẹ 24 kò tíì pa ẹnikẹ́ni, ọmi ni; ọmọ ayò kan ṣoṣo lé lórí ìdajì yẹn ló ń ya ọ̀ta sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀pẹ. Ọmọdé tó dúró lẹ́yìn bàbá rẹ̀ á ti máa ka ohun tó wà lọ́wọ́ onítọ̀hún, á sì mọ̀ pé ayò ti parí nígbà tí àwọn àgbà ṣì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́.

Ìwòran ni tiwa o. Bí a bá lanu pé ihò báyìí ló yẹ kí wọ́n ṣí, wọ́n á lé wa lọ pọn omi. Àwọn ìyá wa ní tiwọn kò ráyè dé abẹ́ igi náà. Àwọn ló ń wá ohun tí àwọn ọ̀ta yóò jẹ bí ayò bá tán. Nítorí náà a gbẹ́ ihò 12 tiwa sínú iyanrìn, a sì ṣa òkúta wẹ́wẹ́ sí i. Olùkọ́ tó bá sì bá òkúta yẹn lápò ọmọ yóò gbà á, yóò fi pàṣán lé e, nítorí eré ni, ìwé la sì wá kà.

Kí ni ìwé náà wí? Ìwé ìṣirò Larcombe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, láti ìlú Òyìnbó. Olùkọ́ ya nǹkan róbótó kan sí pátákó, ó pè é ní ápù, ó fà á ní ìlà mẹ́rin, ó ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀. A kò rí ápù rí, ṣùgbọ́n a kọ ọ́. A mọ L.C.M. lórí bí ẹni mọ orúkọ bàbá rẹ̀, a lè ro ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mọ́ ìdá márùn-ún nínú mẹ́jọ kí ó tó ka ẹ̀ẹ́rin, nítorí pàṣán. Bó bá wá bi wá pé èwo ló tóbi jù, ìdá mẹ́rin tàbí ìdá mẹ́jọ, ohùn kan náà ni ọ̀pọ̀ wa yóò fi pariwo pé ìdá mẹ́jọ, ṣebí mẹ́jọ ju mẹ́rin lọ. Àwa kan náà nìyẹn tí a kò ní gbà láéláé kí ẹnikẹ́ni pín búrẹ́dì wa sí mẹ́jọ nígbà tó lè pín in sí mẹ́rin. Ọgbọ́n búrẹ́dì wà nílé, ọgbọ́n pátákó wà ní ilé-ìwé, kò sí ẹni tó mú ọ̀kan mọ èkejì.

Ápù ti lọ, písà ló gbapò rẹ̀. Nínú tábúlẹ́ẹ̀tì tí àwọn ọmọ-ọmọ wa ń tẹ̀, písà ni wọ́n ń gé sí mẹ́jọ. Ọmọ á fi ìka wọ́ ègé méjì sínú àwo, ẹ̀rọ á pàtẹ́wọ́ fún un pé ìdá mẹ́rin nìyẹn. Ọ̀nà kò tíì gbé písà dé etí odò Olúwa, ìyẹn kò sì jẹ́ nǹkan. A yè é nígbà ápù. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé ẹ̀rọ náà kì í gé nǹkan wọ́. Gbogbo ègé inú rẹ̀ dọ́gba láti ilé, ọwọ́ ọmọ kò lè bà á jẹ́, nítorí náà ojú rẹ̀ kò rí ohun tí kò dọ́gba rí. Síbẹ̀, bí ọmọ bá ṣi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ á ní kó tún un ṣe. Kò nà án. Àwa tí a jáde kíláàsì pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú nítorí ìdá mẹ́jọ, ó yẹ kí ìtìjú mú wa kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í bú ẹ̀rọ.

Àwọn ìjọba náà ti gbé ẹ̀rọ lọ sí ilé-ìwé. Ọ̀ṣun ṣe Ọpọ́n Ìmọ̀ ní 2013 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé gírámà, wọ́n sọ ọ́ lórúkọ ọpọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọpọ́n ayò tiwa. Ẹ̀dó, tí kò jìnnà sí wa, dá EdoBEST sílẹ̀ ní 2018, wọ́n fi tábúlẹ́ẹ̀tì lé àwọn olùkọ́ lọ́wọ́, ohun tí wọn yóò kọ́ ọmọ lójúmọ́ wà nínú rẹ̀ ní kíkún. Ó dára kí olùkọ́ mọ ohun tí yóò sọ. Ìdá ní tirẹ̀ fẹ́ kí olùkọ́ dákẹ́ díẹ̀ kí àwọn ọmọ jà sí i.

Kì í ṣe pé kò sí ẹni tó rí ọ̀nà láti so ọgbọ́n ilé mọ́ ti ilé-ìwé nígbà èwe wa. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́, wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò pẹ̀lú. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni wọ́n kọ́ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tirẹ̀. Owó Ford Foundation ló gbé e. Nígbà tí wọ́n dán wọn wò, àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn, wọ́n tayọ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́, títí dé inú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1989. Fafunwa fúnra rẹ̀ di mínísítà ètò ẹ̀kọ́ ní 1990. Ìwádìí náà kò kúrò ní ìwádìí. Àwọn Òyìnbó tí à ń tẹ̀ lé kò sì fi pátákó nìkan kọ́ ọmọ tiwọn: Maria Montessori ti Ítálì gé irin pupa róbótó sí ìdajì títí dé ìdá mẹ́wàá kí ọmọ lè dì í mú, Georges Cuisenaire, olùkọ́ kan ní Bẹ́ljíọ̀mù, gé igi aláwọ̀ mẹ́wàá, èyí tó kúrú jù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà kan, èyí tó gùn jù jẹ́ mẹ́wàá. Wọ́n fi ìwé Larcombe ránṣẹ́ sí wa, wọ́n mú igi yẹn sọ́dọ̀ ara wọn.

Lónìí, igi náà ti dé, ó ti di ọ̀rá líle. Ìwé ètò ẹ̀kọ́ ìjọba sọ pé láti púráímárì kìn-ín-ní ni kí ọmọ ti mọ ìdajì àti ìdá mẹ́rin, kí ó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Nǹkan róbótó aláwọ̀ mèremère wà ní ilé-ìwé mìíràn, nínú kọ́bọ́ọ̀dù ọ̀gá, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ọ̀gá. Wọ́n ń kó o jáde bí àwọn àlejò bá ń bọ̀ láti Àkúrẹ́, wọ́n á kà á, wọ́n á kó o padà. A kò sì tíì mọ èdè tí a ó fi ṣàlàyé rẹ̀: ní oṣù kọkànlá 2022 ìjọba àpapọ̀ ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà àkọ́kọ́, ní oṣù kọkànlá 2025 ìjọba àpapọ̀ ní kí a dá a dúró, kí Gẹ̀ẹ́sì padà. Ọmọ tó wọ ilé-ìwé ní àkókò òfin àkọ́kọ́ kò tíì ka ọdún mẹ́fà náà tán kí òfin kejì tó dé.

Ayò kò bá èyíkéyìí nínú èdè méjèèjì jà. Kí olùkọ́ gbé ọpọ́n kan síwájú ọmọ mẹ́rin, kó ní, 'Ẹ kó ìdá mẹ́rin wá.' Wọ́n á kó ihò mẹ́ta. Kó ní, 'Ẹ kó ìdá mẹ́jọ wá.' Níbẹ̀ ni wọ́n á ti wo ara wọn lójú, nítorí mẹ́fà ni, ihò kan sì jẹ́ mẹ́rin. Wọ́n gbọ́dọ̀ gba ihò kan ààbọ̀. Ọwọ́ wọn á sì fúyẹ́ ju ti ìṣáájú lọ, ìjà mẹ́jọ àti mẹ́rin tó pa wá lára parí síbẹ̀ láìsí pàṣán. Kó wá ní kí wọ́n kó ìdá márùn-ún. Mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni yóò wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta yóò ṣẹ́kù, ariwo yóò sì sọ. Kó má tètè pa ariwo yẹn. Mẹ́ta tó ṣẹ́kù kò ṣeé gé, nítorí kóró ayò le bí òkúta, ìgbà yẹn ni kí ó wá fún wọn ní bébà tí wọn yóò ṣẹ́ sí méjì, sí mẹ́rin, sí mẹ́jọ, kí wọ́n rí i pé bí iye ìpín ṣe ń pọ̀ ni ìpín ń kéré.

Yóò gba àkókò. Kíláàsì tó kún fọ́fọ́ kò ní jẹ́ kí olùkọ́ kan dúró ti ọpọ́n mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, ẹni tó bá sọ pé eré yìí rọrùn kò tíì dúró síwájú ọmọdé rí. Àwọn òbí kan yóò sì wá béèrè ìdí tí àwọn fi ń san owó kí ọmọ àwọn wá máa ta ayò. Kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà pín ẹran alẹ́ ọjọ́ yẹn fún wọn kí wọ́n tó bínú.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé-ìwé ní Ọ̀rẹ̀, ní Odígbó àti ní Agbabu, ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ohun inú rẹ̀ kì í ṣe ti àlejò. Bó bá sọnù díẹ̀, kó sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ kò ní kọ́bọ́ọ̀dù rárá, ẹ ní kí àwọn ọmọ gbẹ́ ihò 12 sí ẹ̀yìn kíláàsì ní Mọ́ńdè tó ń bọ̀, kí wọ́n ṣa òkúta 48, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ìdá mẹ́jọ.